Ọmọ Mẹ́rin, Táyà Mẹ́rin

Ariwo abẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ kó ìfura bá Sàúdátù. Tí jíìpù bá ń lọ tààrà lójú ọ̀dà, kò sí wàhálà. Kó ṣáà dé ibi tí yóò ti yà wọ Egan, kí Sàúdátù yí sítíárì dé òpin, abẹ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo ara rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn bí àgbò iléyá tí wọ́n ń wọ́ gba ibi tí kò fẹ́ gbà. Kò ní pẹ́ tí òórùn ọ́ìlì gbígbóná á fi gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹyin sì wà lẹ́yìn, kírétì lórí kírétì. Bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n báyìí, etí Sàúdátù á gbọ́ pàrá, pàrá, kò sì ní láti bojú wẹ̀yìn kó tó mọ̀ pé èrè òun ló ń fọ́ yẹn.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí lẹ ó pa mí," á sọ ọ́ sókè, nínú ọkọ̀ tí kò sí ọmọ kankan.

Kí á tó bá a bínú sí àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká mọ obìnrin náà ná. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Múdàṣírù ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó ní ìyàwó tuntun. Yàrá kan ni wọ́n gbà ní Akowonjo, nínú ilé tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí ẹni tó bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ará yàrá ìkẹyìn ló máa kí i. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Raheem, Kafilat, Abdulmuiz àti Hamdalah sí. Nígbà tí àwọn onílẹ̀ ṣì ń ta Egan bí ẹni ń fi igbó tọrẹ, Múdàṣírù ra pùlọ́ọ̀tì kan síbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀bọ ni yóò máa bá ṣeré. Ó kọ́lé náà díẹ̀díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì da adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ yẹn pọ̀ títí ó fi sọ Sàúdátù di Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹni tó ń gbé ẹyin fún àwọn oníbúrẹ́dì ní Akowonjo àti Ìkòtún.

Ohun kan ṣoṣo tó ba Egan jẹ́ ni ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀rùn, eruku. Lójò, ẹrẹ̀ tó ń gbé bàtà mì tí kì í pọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kékeré á wọ inú rẹ̀, á jókòó síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á dojú dé. Ìdí nìyẹn tí Múdàṣírù fi ra jíìpù tòkunbọ̀, irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì yòókù kàn ń tẹ̀lé wọn bí àlejò ni. Ti jíìpù yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀lẹ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí iwájú bá rì, ẹ̀yìn á tì í. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, iwájú á fà á.

Múdàṣírù fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, lórí pápá ilé-ìwé kan, pẹ̀lú ìjà.

"Ìwọ obìnrin yìí, mo ní kí o tẹ bíréèkì, n ò ní kí o dìde dúró lé e lórí!"

"Tó bá ti sú yín, ẹ bọ́ọ́lẹ̀!"

Kò bọ́ọ́lẹ̀ o. Ó jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ọkùnrin yẹn ní ìwà kan tó máa ń bí Sàúdátù nínú. Táyà ẹyọ kan kì í wọ ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló bẹ́, mẹ́rin ni yóò rà. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká mẹ́rin, jíìpù á dúró sílé títí agbára á fi dé. Láàárín ọdún, á tún tú wọn, á gbé ti iwájú sẹ́yìn, á gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Àwọn aládùúgbò á máa wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

"Bàbá Raheem, eyín kan ló ń dùn yín, gbogbo ẹnu lẹ fẹ́ yọ?" Sàúdátù á bi í.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Wọ́n jọ ń fà ni. Kí wọ́n jọ gbó."

Ọdún kẹta rèé tó ti kú. Ó kírun àṣálẹ́ tán, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi wá. Kí omi tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ̀, kò lè gba ife. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbé táyà iwájú sẹ́yìn mọ́, torí Sàúdátù ò mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí ọkọ ń ṣe láìsọ ìdí rẹ̀, tó bá kú, ó ti kó wọn lọ nìyẹn. Táyà iwájú wá ń jẹ ní etí kan. Etí tó kọjú síta ṣì ní ojú, etí inú ti dán bí orí apárí. Ti ẹ̀yìn ń jẹ láàárín. Bí ó ti ku díẹ̀ kó dé Ìgàndó lọ́jọ́ kan, ọ̀kan bẹ́ gbàà.

Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ẹbí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ tán. Àwọn ọmọ dáhùn kíákíá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn. Nígbà fìdáù bàbá wọn, ṣe ni wọ́n pín ìnáwó: Raheem mú màlúù, Kafilat mú ìrẹsì, Abdulmuiz mú àga àti àtíbàbà, Hamdalah mú omi àti mínírà. Ẹnikẹ́ni ò fi ọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa náà nìyẹn, ó sì nídìí. Ohun tí a bá pín ṣe, ẹnì kan ò lè fi yangàn lọ́la. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé táyà mẹ́rin ni jíìpù ń fẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ mẹ́rin, ó dà bíi pé Ọlọ́run ti bá wọn pín in sílẹ̀.

Raheem, tó ń ṣiṣẹ́ ní bánkì, ra tuntun, tí àwọn irun tín-ín-tìn-ìn-tín ara rọ́bà rẹ̀ ò tíì gé. Kafilat lọ ṣa tòkunbọ̀ ní Ìkòtún, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán bí bàtà ọmọ iléèwé, àmọ́ ojú rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì. Abdulmuiz yọ tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó fẹ̀, ó sì nípọn. Ti Hamdalah jẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú. Ìyá wọn ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Adéríbigbé, bàbá tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà Ìgàndó, yẹ ara wọn wò, ó ní nọ́ńbà wọn bára mu, ó sì gbé wọn wọ̀ ọ́. Kò purọ́. Nọ́ńbà wọn bára mu lóòótọ́. Gíga wọn ni kò bára mu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kíkùn bẹ̀rẹ̀. Sàúdátù kọ́kọ́ rò pé epo ni. Ẹnì kan ní bẹ́àríǹgì ni, wọ́n pààrọ̀ bẹ́àríǹgì. Ẹlòmíràn ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló wọ́, wọ́n tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ariwo ò lọ. Ìgbà tí iná pupa tàn níwájú sítíárì tí kò fẹ́ kú mọ́, ó wa ọkọ̀ lọ bá Hope.

Mẹkáníìkì ni Hope, ọmọ Ùrhobo tí wọ́n bí sí Ìkòtún, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ lọ. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó yí i ká, ó tún yí i ká.

"Màmá, ta ló ra àwọn táyà yìí?"

"Àwọn ọmọ mi."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Hope, ó rántí pé ẹni tó tó ìyá òun lòún ń bá sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ wò ó. Èyí ga, èyí ti jẹ, ó kúrú. Èyí tó kúrú ní láti yí ju èyí tó ga lọ kí wọ́n tó lè jọ débì kan náà, bí ọmọdé tó ń bá àgbà rìn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, wọn ì bá bára wọn gbé e. Nínú èyí, irin ló so gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan ń rọra, irin àárín ló ń jẹ̀yà."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Kí ẹ ra mẹ́rin tó jẹ́ ọ̀kan náà. Àbí kí n bá yín yọ pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn yẹn. Àwọn èèyàn ń yọ ọ́. Iwájú nìkan láá máa fà, ariwo á sì lọ."

"Ẹrẹ̀ Egan ńkọ́?"

"Ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìyẹn, Màmá."

"Tí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?"

"Gíà á lọ. Tí gíà jíìpù yìí bá sì lọ, àwọn tó ń ra irin àlòkù lẹ máa pè."

Gbólóhùn yẹn ló dúró sí Sàúdátù lọ́kàn, torí Raheem ti sọ ọ́ tipẹ́: ọjọ́ tí jíìpù bá kú, wọn ò ní tún un ṣe. Wọ́n á tà á, wọ́n á ta adìyẹ, Màámi á wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí ó máa bá ìyàwó òun wo ọmọ. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Àmọ́ Sàúdátù ti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́hùn-ún rí, lórí àga tó ń rì, níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń gbé tíì wá bá a bí aláìsàn. Ó mọ̀ pé bí òun bá kó lọ síbẹ̀, àga yẹn lòun ó ti kú. Jíìpù yìí nìkan ló sì ń gbé ẹyin jáde ní Egan lójò. Bí kò bá sí i, kò sí òwò. Bí kò bá sí òwò, àga ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó se ìrẹsì, ó pè wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n jẹun yó, torí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó sọ gbogbo ohun tí Hope sọ, ó kó wọn jáde, ó ní kí wọ́n fojú ara wọn wo àwọn táyà náà.

Raheem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó yé mi, Màámi. Kò le rárá. Tèmi ni tuntun gidi. Kí àwọn yòókù lọ ra irú tèmi."

"Irú ti ta ni?" Kafilat kọjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, inú oòrùn ni mo ti ṣa tèmi, pẹ̀lú oyún nínú. Kí ẹ̀yin lọ wá irú tèmi."

"Kí tuntun wá máa wá àlòkù kiri?"

"Àlòkù tó lágbára ju tuntun yín lọ ńkọ́?"

Abdulmuiz fi ẹsẹ̀ ta tiẹ̀ gbìgbì. "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tèmi ló tóbi jù. Kékeré ló ń bá ńlá dọ́gba, ńlá kì í sọ̀kalẹ̀ wá bá kékeré."

"Ìwọ tó o tú tìẹ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ olọ́kọ̀!"

"Ṣé mo jí i ni, àǹtí mi?"

Hamdalah, àbíkẹ́yìn wọn, rọra ní, "Tèmi náà tuntun ni o."

"Ó tó," Sàúdátù sọ. "Kí ẹnì kan ṣoṣo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí àwọn yòókù bá mi ra oúnjẹ adìyẹ. Inú mi á dùn sí gbogbo yín bákan náà."

"Kò burú," Raheem sọ. "Èmi á rà á."

Ni Kafilat bá bú sẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ẹ kúuṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́la, a ó gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé mọ́tò bàbá wa nàró. Lọ́túnla, mọ́tò ti di tiyín."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi àgbá irin ṣe? Èmi tí mo ti ní ká tà á tipẹ́tipẹ́!"

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan?" Kafilat sọ fún àwọn yòókù. "Ó ti tẹnu wọn jáde."

Sàúdátù ké mọ́ wọn. "Mo ní kẹ́ ẹ gbà mí, ẹ̀ ń bá ara yín pín ẹsẹ̀ mọ́tò. Tí èmi náà bá kú, ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ ó pín?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Màámi!" Gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀ sọ ọ́.

"Ẹ rí i? Ìyẹn nìkan lẹ tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti àárọ̀."

Wọ́n jẹ ìyókù ìrẹsì, wọ́n ní àwọn á wá nǹkan ṣe sí i, wọ́n lọ. Nǹkan yẹn ni Sàúdátù ń retí títí òjò fi dé.

Òjò náà rọ̀ mọ́jú ni. Àwọn oníbúrẹ́dì ti ń pe fóònù kí ilẹ̀ tó là dáadáa. Ó kó ẹyin sọ́kọ̀, ó ní bísímílà, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ tó wà níwájú ilé àwọn alọta. Ibi tí jíìpù ti máa ń kọjá bí ẹni tó ń rìn lórí ẹní tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, táyà ńlá Abdulmuiz ń walẹ̀, tòkunbọ̀ Kafilat ń yọ̀, ọkọ̀ ń mì tìtì láàárín wọn. Òórùn jíjó gba inú ọkọ̀ kan. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Kírétì tó wà lókè pátápátá ré lulẹ̀, pupa ẹyin ṣàn wá síwájú, ó bá a lẹ́sẹ̀. Ni ọkọ̀ bá dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bọ́ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń tì í. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́yin, ṣé ẹ ti ń dín in lọ́nà ni?"

"Lọ ní kí ìyá ẹ gbé àwo wá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tì í jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jókòó sínú ọkọ̀ kí abẹ́ rẹ̀ lè tutù. Ó gbé fóònù, ó fẹ́ pe àwọn ọmọ. Ó wò ó títí, ó tún un gbé sílẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ tí kò tíì sọ? Ó wá rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Adéríbigbé.

"Bàbá, ẹ tú u."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

Adéríbigbé na ọwọ́ sókè. "Ìyá Raheem! Táyà ọmọ! Èyí tẹ́ ẹ ti ṣàdúrà lé lórí lójú mi níbí!"

"Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni àdúrà náà wà, kò sí lára rọ́bà. Ẹ tú u."

Mẹ́rin kan wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n jọ tú lẹ́sẹ̀ jíìpù kan tó ti kú. Wọn kì í ṣe tuntun. Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti pupa ẹyin lẹ́sẹ̀, ó ń ki ìka bọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wo ẹnu ọmọ bóyá ó ti hu eyín. Bí ìka rẹ̀ ṣe rì nínú èyí àkọ́kọ́ ló ṣe rì nínú ìkẹta àti ìkẹrin. Wọ́n ti jọ gbó. Ó wá wù ú kó bá Múdàṣírù sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí, pé ó ti yé òun. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó ní kí Adéríbigbé gba ti àwọn ọmọ, kó máa tà wọ́n fún àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké, ó fi owó oúnjẹ adìyẹ lé e, wọ́n gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́.

Hope da ọ́ìlì ìdí gíà nù, ó fi ìka kan rọra pa á wò. Àwọn irin wínníwínní ń dán nínú rẹ̀. "Ó ti jẹ díẹ̀, Màmá. Kò ní padà di bó ṣe wà láyé Alhaji, ọkọ yín. Àmọ́ á máa gbé yín. Kẹ́ ẹ má ṣáà tún da ẹbí sí i lẹ́sẹ̀ mọ́."

Nígbà tó délé, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Ó sọ ohun tí òun ṣe, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú.

Hamdalah fi àwòrán ẹni tó ń sunkún ránṣẹ́. Kafilat ní, "Màámi, ta lẹ wá ta tèmi fún?" Abdulmuiz ní, "Háà! Ọ̀rẹ́ mi ti ń bèèrè táyà ẹ̀ o, Màámi. Ṣe ló yá mi." Sàúdátù di ojú rẹ̀, ó tún un là. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Raheem ní tiẹ̀ pè é.

"Màámi, ẹ ò tiẹ̀ bi wá léèrè."

"Mo bi yín. Ìrẹsì ni mo fi bi yín."

"Kí làwọn èèyàn máa wí? Wọ́n á ní ẹ bí ọmọ mẹ́rin, táyà àlòkù lẹ̀ ń lò."

"Èèyàn wo? Àwọn tó tì mí nínú ẹrẹ̀ láàárọ̀ yìí? Mo rí wọn. Kò sí èyí tó bi mí pé ta ló ra táyà."

"Mo máa ra mẹ́rin tuntun fún yín. Kẹ́ ẹ tú ìyẹn dànù."

"Ó dáa, ọkọ mi. Rà á. Àmọ́ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ Kafilat."

Kò gbọ́ ohùn mọ́. Ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, ó ní, "Hẹ́lòó? Raheem?" Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, Raheem ló pa fóònù.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó yọjú nínú wọn. Sàúdátù ti se oúnjẹ. Ó dúró dè wọ́n títí dìgbà ìrun ọ̀sán, ó ń wo géètì, inú ń bí i sí wọn, inú sì tún ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun ń wo géètì. Nígbà tó yá, ó bu ìrẹsì náà fún àwọn tó tì í nínú ẹrẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé lọ kó ẹyin. Ọjọ́ Ajé lọ̀la, oníbúrẹ́dì Akowonjo kì í dúró de ìjà ẹbí.